Ẹ tún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kọ: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn tí ó kọ ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé gírámà

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùkọ́ àgbà tí orúkọ yín wà níwájú ìwé náà, ẹ̀yin olóòtú, àti ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i pé kí a máa lò ó ní kíláàsì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mo jẹ́ ní ilé ìwé gírámà ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń fi ìwé yín kọ́ ọmọ. N kò ní dárúkọ ìwé náà, nítorí pé àṣìṣe tí mo fẹ́ tọ́ka sí wà nínú ju ìwé kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ẹ ó dá ojú ewé yín mọ̀.

Ní sáà tó kọjá, ìdánwò àpapọ̀ tí wọ́n ṣe fún SS2 béèrè pé: "Ta ni ó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀?" Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi kọ ọ́ pé kò sí ẹnì kan tí ó dá a sílẹ̀ ní òun nìkan, pé ibi mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ so pọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, pé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tí ó ronú rẹ̀. Òdo ni wọ́n fún un. Ẹni tí ó máàkì ìwé náà fi bírò pupa kọ orúkọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn rẹ̀, orúkọ tí ó wà nínú ìwé yín. Ọmọ náà mú un wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀." Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, mo ti kọ lẹ́tà sí yín lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí èsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀dà tuntun jáde. Ojú ewé yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣí. Àwòrán ibẹ̀ ti di aláwọ̀ mèremère, owó ìwé ti lé sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà, kò tilẹ̀ yí kọ́mà kan. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí sí gbangba, kí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ bíi tèmi lè bá wa kà á.

1. Ọ̀rọ̀ "bàbá íntánẹ́ẹ̀tì".

Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan, Philip Emeagwali, ni ó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí ní ọdún 1954, iṣẹ́ tí ó sì ṣe kò kéré. Ní ọdún 1989 ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell fún ìṣirò tí ó ṣe nípa bí epo rọ̀bì ṣe ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Orí ẹ̀rọ Connection Machine ni ó ti ṣe é, ẹ̀rọ tí ó ní prosẹ́sọ̀ 65,536 tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ èyí fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969 tí wọ́n so àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ pọ̀, ọmọ ọdún 15 ni. Àwọn ìlànà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀lé ti wà nínú ìwé fún ọdún 15 kí ẹ̀bùn rẹ̀ tó dé. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ilẹ̀ wa ni ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ìtàn yìí. Èmi náà kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì kí n tó wádìí. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa báyìí. Ọjọ́ tí ọmọ bá wádìí ìlà yẹn, tí ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ojú wo ni ẹ fẹ́ kí ó máa fi wo ìyókù ìwé?

2. Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù.

Ẹ sọ pé wọ́n ṣe íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ológun Amẹ́ríkà lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá balẹ̀. Ìtàn méjì ni ẹ lọ̀ pọ̀ níhìn-ín bí ata àti tòmátò.

Ìtàn kan wà lóòótọ́ nípa bọ́ǹbù. Paul Baran ni ó ni ín, ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí RAND ní California. Ní ọdún 1964 ó gbé ìwé jáde pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kò bá ní orí, tí ọ̀nà púpọ̀ wà láti ibì kan dé ibòmíràn, kò sí ibi tí ọ̀tá yóò gé e sí tí gbogbo rẹ̀ yóò kú. Àwọn onítẹlifóònù AT&T kò gbà fún un.

Èyí tí wọ́n wá kọ́ lóòótọ́, ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti inú rẹ̀ jáde, ibòmíràn ni ó ti wá. Ní ọdún 1966, Bob Taylor ni olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ARPA, àjọ ìwádìí kan lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta ni ó wà fún un ní Pentagon. Ọ̀kan ń bá kọ̀ǹpútà MIT sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń bá ti Berkeley sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta ń bá ti Santa Monica sọ̀rọ̀. Ìkọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀ tí ó ń gbọ́. Bí Taylor bá rí ohun kan lórí ọ̀kan tí ó fẹ́ bá ẹni tó wà ní ìdí èkejì sọ, àfi kí ó dìde kí ó lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ mìíràn. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹ̀rọ kan kò fi lè tó. Ó wọlé tọ Charles Herzfeld ọ̀gá rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ó sì ṣe máa ń sọ ọ́, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ó ti ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà wọ́n gan-an nígbà náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ARPA. Taylor fẹ́ kí wọ́n máa pín èyí tí ó wà nílẹ̀ lò.

Owó ológun ni, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n Taylor tẹnu mọ́ ọn pé wọn kò ṣe é nítorí ogun. Ọmọ tí ó bá ka ìtàn ẹ̀rọ mẹ́ta yìí yóò rí ìṣòro tí òun náà mọ̀: ẹni tí ó ní fóònù mẹ́ta nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kò jẹ́ kí ó pe èkejì lọ́fẹ̀ẹ́.

3. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé Amẹ́ríkà nìkan ni.

Donald Davies kò sí nínú ìwé yín rárá. Ní ọdún 1965, ní National Physical Laboratory ní Teddington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dá ro ó, láì mọ̀ pé Baran wà láyé, pé kí a gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kí a tó fi ránṣẹ́. Òun ni ó sọ wẹ́wẹ́ náà ní "packet". Kí ó tó yan ọ̀rọ̀ yẹn, ó bi onímọ̀ èdè léèrè, kí ó lè dá a lójú pé àwọn èdè mìíràn yóò rí ọ̀rọ̀ tiwọn pè é. Ó dùn mí pé ẹni tí ó ro ti èdè mìíràn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà yẹn, ìwé yín kò dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan fún ohun tí ó ṣe. Ìdì ni èmi ń pè é ní kíláàsì. Gbogbo ọmọ mi ló yé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, ní ìpàdé kan ní Gatlinburg ní Tennessee, Roger Scantlebury tí ó ń bá Davies ṣiṣẹ́ ka ìwé wọn. Larry Roberts tí Taylor gbé iṣẹ́ ARPANET lé lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Ẹnu ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ó ti gbọ́ bí iṣẹ́ Baran ti ṣe pàtàkì tó, Baran tí ó jẹ́ ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀.

Louis Pouzin náà ńkọ́? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì CYCLADES tí ó kọ́ ní ilẹ̀ Faransé láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ó fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé ìdì láìṣe ìlérí kankan, kí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì máa ṣọ́ bóyá ọ̀rọ̀ dé pé. Gérard Le Lann kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ bá àwọn ti yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Norway àti Lọ́ńdọ̀nù wọ inú ARPANET ní ọdún 1973, ti Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ́ iṣẹ́ Peter Kirstein. Ní Hawaii, Norman Abramson ti ń fi rédíò so kọ̀ǹpútà erékùṣù sí ara wọn láti ọdún 1971.

4. TCP/IP.

Ibí ni ó dùn mí jù. Ìlà méjì péré ni ẹ fún un: ohun tí àwọn lẹ́tà náà dúró fún (Transmission Control Protocol àti Internet Protocol), àti "ó jẹ́ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì". Àwọn ọmọ há a sórí bí ẹni há orúkọ gómìnà sórí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń kọ́ ọ. Ká ní ìyá kan ní Ìbàdàn fẹ́ fi ìwé ilẹ̀ tí ó ní ojú ewé 20 ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó, ó sì ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè gbé drop: kí ó háyà mọ́tò odindi tí kò ní gbé ẹlòmíràn. Bí tẹlifóònù àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ẹni méjì bá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wáyà ti di tiwọn, àní bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ dákẹ́. Ọ̀nà kejì ni wébììlì. Kí ìyá náà fi ojú ewé kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé tirẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí i lára, kí ó pín in fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Ọ̀kan gba Ṣàgámù, ọ̀kan gba Abẹ́òkúta, ọ̀kan gba Ìjẹ̀bú Òde. Kò sí awakọ̀ tí ọ̀ràn ohun tó wà nínú àpò kàn. Bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń dé Èkó, ọmọ ń ránṣẹ́ padà sí ìyá rẹ̀ pé òun ti rí i gbà. Bí ìyá bá retí títí tí kò gbọ́ nípa ìkeje, yóò tún ṣe fọ́tòkọ́pì ìkeje, yóò fi ránṣẹ́. Bí ìkẹwàá bá ṣáájú ìkẹsàn-án dé, ọmọ yóò tò wọ́n. Àdírẹ́sì tó wà lára àpò, àti bí awakọ̀ ṣe ń wò ó mọ ọ̀nà, IP nìyẹn. Nọ́ńbà, títò, "mo ti rí i gbà", àti títún-un-fi-ránṣẹ́, TCP nìyẹn.

A ṣe eré yìí nínú kíláàsì. Ọmọ mẹ́fà ṣe awakọ̀. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn ní bòókẹ́lẹ́ pé kí ó fi ojú ewé keje pamọ́. Ọmọbìnrin tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó ṣe ọmọ tó wà ní Èkó. Kí a tó ka ogún, ó ti mọ èyí tí kò dé. Ó lè sọ fún yín títí di òní ìdí tí TCP fi wà. Òdo yẹn ni wọ́n fún un.

Lẹ́yìn eré ni a wá ń ka ìtàn, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn. Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969, aago mẹ́wàá ààbọ̀, Charley Kline, akẹ́kọ̀ọ́ ní UCLA ní Los Angeles, fẹ́ wọ inú kọ̀ǹpútà tó wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí SRI ní Menlo Park, nǹkan bí 500 kìlómítà sí i. LOGIN ni ó fẹ́ tẹ̀. Bill Duvall wà ní ìhà kejì, wọ́n sì di tẹlifóònù mú. L dé. O dé. Nígbà tí ó tẹ G, kọ̀ǹpútà ti SRI dákú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kọjá ni LO. Kí oṣù kejìlá ọdún náà tó parí, Santa Barbara àti yunifásítì Utah ti dara pọ̀, ó di ibi mẹ́rin. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní IMP, tí ó tóbi tó fíríìjì, ni iléeṣẹ́ BBN ṣe sí ibi kọ̀ọ̀kan láti máa gba ìdì, kí ó máa darí rẹ̀.

NCP ni ìlànà tí wọ́n ń lò lórí rẹ̀ nígbà náà. Ó tó fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí àwọn IMP rẹ̀ ń ṣọ́ra kí nǹkan má sọnù. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rédíò dé, tí ti sátẹ́láìtì dé, tí ìkọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìdì tirẹ̀ àti àléébù tirẹ̀, NCP kò tó mọ́. Bob Kahn ti ARPA àti Vint Cerf tí ó wà ní Stanford jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1973, wọ́n gbé ìwé wọn jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1974. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ padà nítorí ẹlòmíràn. Kí a fi ẹ̀rọ kan sí ibodè nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, bí ibi tí ẹrù ti ń kúrò nínú bọ́ọ̀sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, kí àdírẹ́sì kan náà máa bá ìdì lọ.

Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1977 ni wọ́n dán an wò ní gbangba. Ọkọ̀ SRI kan ń lọ lójú títì ní agbègbè San Francisco, ó ń fi rédíò ju ìdì. Ìdì náà wọ ARPANET, ó gba sátẹ́láìtì kọjá òkun Àtìláńtíìkì sí ilẹ̀ Yúróòpù, ó padà wá sí gúúsù California. Cerf ṣírò rẹ̀ pé ìrìn náà, lílọ àti bíbọ̀, tó nǹkan bí 150,000 kìlómítà, kò sì sí ohun tó sọnù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún kejì ni Cerf, Jon Postel àti Danny Cohen ya àdírẹ́sì sọ́tọ̀ kúrò lára kíkà àti títò. Ibẹ̀ ni TCP/IP ti gba orúkọ méjì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981. Wọ́n wá dá ọjọ́: ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ẹni tí kò bá sọ TCP/IP kò ní lè bá ará ARPANET sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan rò pé eré ni. Ní ọdún 1982, wọ́n pa NCP fún odindi ọjọ́ kan kí àwọn alágídí lè mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Èkó yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì yé wọn ju àwọn ọmọ ibòmíràn lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín Lawrence Berkeley Laboratory àti yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, ìyára ọ̀nà já wálẹ̀ láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ìdì wọn kò dé ń tún un fi ránṣẹ́, wọ́n tún ń fi ránṣẹ́, ọ̀nà wá há pátápátá. Van Jacobson gbé àtúnṣe jáde ní ọdún 1988: kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa yọ́ wọ ọ̀nà, kí ó máa rọra fi kún ìdì tí ó ń jù, bí ó bá sì ti rí i pé ìdì ń sọnù, kí ó dín in kù kíákíá. Kò sí yẹ́lò fífà tí ó dúró ní oríta. Àdéhùn láàárín àwọn tí ń lo ọ̀nà ni ó là á, àdéhùn náà sì ṣì wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka lẹ́tà yìí.

Gbogbo èyí ni ìlà méjì yín gbé pamọ́.

5. Wẹ́ẹ̀bù kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ lo orúkọ méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Tim Berners-Lee dábàá wẹ́ẹ̀bù ní ibùdó ìwádìí CERN, nítòsí Geneva, ní ọdún 1989. Nígbà yẹn, Ray Tomlinson ti fi àmì @ sínú àdírẹ́sì ímeèlì láti ọdún 1971. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà, wẹ́ẹ̀bù jẹ́ mọ́tò kan lórí rẹ̀; ọ̀nà yàtọ̀ sí mọ́tò. Ìlà kan péré ni ẹ nílò láti fi tún èyí ṣe.

6. Ẹ kò sọ bí wọ́n ṣe ṣe ìpinnu.

Bí mo bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo tí n ó fi kún ìwé yín, ìtàn RFC, àwọn ìwé àbá tí wọ́n fi ń pinnu ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ni n ó yàn. Nígbà tí wọ́n ń dúró de IMP àkọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n pinnu bí àwọn kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Steve Crocker ní UCLA. Cerf àti Postel wà lára ẹgbẹ́ náà, ilé ìwé gírámà kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ní Van Nuys. Ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n rò pé lọ́jọ́ kan, àgbà ọ̀mọ̀wé kan yóò wá láti ìhà ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, yóò bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ní kí wọ́n máa pinnu. Crocker kọ ìwé àkọ́kọ́ lóru nínú balùwẹ̀, kí ó má baà jí àwọn tí ó ń sùn nínú ilé. Ó sọ ọ́ ní "Request for Comments", ìyẹn ni pé ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1969 ni.

Nígbà tí mo kà á, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni bí ọmọdé ṣe ń pa òwe níwájú àgbà nílẹ̀ wa tí ó sì ń sọ pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Crocker bu ọlá fún àgbà, síbẹ̀ ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè fèsì. Ẹni tí ó bá ní àbá tí ó dára jù, yóò kọ tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Postel jẹ́ olóòtú wọn títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1998. Àwọn ìwé RFC ti lé ní 9,000 báyìí. Ọ̀rọ̀ lásán ló kún inú wọn, kò sí àwòrán aláwọ̀, a kì í san kọ́bọ̀ kà wọ́n, fóònù tí owó rẹ̀ kéré jù ní ọjà sì lè ṣí wọn. Nọ́ńbà 791 ni IP, 793 ni TCP ti ọdún 1981. Mo tẹ ojú ewé àkọ́kọ́ nọ́ńbà 1 jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì mi. Àwọn ọmọ máa ń dúró kà á. Ọ̀kan bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni ẹni tí ó kọ ọ́. Mo ní kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ó wo ìwé náà títí.

Ẹ̀yin àgbà, ìwé yín kọ́ ọmọ yẹn pé bàbá kan ni ó dá a sílẹ̀, ó sì ti parí.

7. Ẹ kò mú un dé ilé.

Kí orúkọ bíi .ng, tí ó máa ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, tó wà, fáìlì kan ṣoṣo ni orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Elizabeth Feinler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní SRI ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ tuntun sílẹ̀ ń lọ. Nígbà tí fáìlì náà pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé ètò tuntun jáde ní ọdún 1983, tí ó fi di pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tọ́jú orúkọ tirẹ̀. Nàìjíríà gba .ng ní ọdún 1995. Yaba College of Technology ni ó kọ́kọ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Yábàá, níbi tí bọ́ọ̀sì ń ná láràárọ̀! Kò sí ìlà kan lórí rẹ̀ nínú ìwé tí ẹ ń tà fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń gba iwájú ọgbà náà kọjá.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí ẹ fi ojú ewé àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé tí ó ń lo ìwé náà kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé; bébà kan péré ni, olùkọ́ lè lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Kí ẹ yọ ìbéèrè "ta ni ó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀" kúrò nínú àwọn ìbéèrè ìdánrawò yín, kí ẹ fi "báwo ni ìdì kan ṣe ń ti Ìbàdàn dé Èkó" rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tí ń ṣètò ìdánwò àpapọ̀ pé ìdáhùn inú ẹ̀dà àtijọ́ kò tọ́. Kí ẹ tẹ ojú ewé kan nínú RFC 1 sínú ẹ̀dà tí ó ń bọ̀. Kí ẹ gba olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní kíláàsì wọ inú ìgbìmọ̀ yín. Bí ẹ bá ní kí n wá, n ó fi owó ara mi wọ mọ́tò.

Èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo. Ìwé ìdánwò rẹ̀ wà nínú dúróò mi, pẹ̀lú òdo pupa lórí ìdáhùn kẹrin. Ó fẹ́ kọ WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ti bi mí pé èwo ni kí òun kọ bí wọ́n bá tún béèrè. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi ní àyè títí di ìgbà tí ẹ bá dá mi lóhùn.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ olùkọ́,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́